Oyin Ọjọ́ Kẹjọ

Eyín mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé oyin ti wọ ilé.

Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń gún kábéèjì nínú odó bí ẹni ń gún iyán. Inú ń bí mi sí kábéèjì, inú ń bí mi sí odó, inú sì ń bí mi sí orúnkún mi ọ̀tún tó ń ró kẹ́kẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọmọ odó sókè. Ibẹ̀ ni mo wà tí ohùn eyín náà fi sọ sí mi nínú etí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Fọlásayọ̀, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Mo gbọ́ òórùn oyin nínú ilé yìí. Mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ẹnu yín."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àgbàlagbà ò ní gbà kí ẹ̀rọ máa bá òun wí, wọ́n bá kọ́ ọ ní ìkíni, wọ́n kọ́ ọ ní oríkì, wọ́n ní kó máa bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí ọ, tó tún fún ọ lọ́rùn pinpin, ṣé ọmọlúàbí la ó pe ìyẹn ni? Eyín àtọwọ́dá ni. Ẹ̀yìn ẹnu mi ni wọ́n rì í mọ́ lọ́jọ́ tí mo wọ Ìlà Aláìlókèlè. Iṣu, gàrí, ìrẹsì, ṣúgà, oyin, èyíkéyìí tó bá kàn án nínú wọn, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá ọ pa á rẹ́.

"Bàbá Ìní!" Mo ju ọmọ odó sílẹ̀. "Kí lẹ gbé wọlé?"

Adégbìtẹ́, ọkọ mi, yọ orí wọ ilé ìdáná. Ìgò kan wà láyà rẹ̀, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

"Oyin ọ̀la ni. Ojúlówó. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin oyin lẹ́yìn òkè ni mo ti lọ gbà á."

"Ẹ gbé e jìnnà sí mi, ẹ̀yin ọkùnrin yìí."

"Kí ni mo tún ṣe? Ṣé iyọ̀ nìkan ni ká fi sọ ọmọ lórúkọ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín kì í rojọ́ yín. Tèmi ń rojọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgò náà sórí pẹpẹ, ó sì jókòó ti abọ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń mú mi bínú sí ọkùnrin yìí gan-an nìyẹn. Aṣírò ni òun. Kò sí oúnjẹ tó jẹ́ èèwọ̀ fún un. Iyán gidi, funfun báláú, ló wà nínú abọ́ rẹ̀ níwájú èmi tí mò ń gún ewé. Iṣẹ́ abọ́ ni kó wọ̀n ọ́n, kó ka kálórì tó wà nínú rẹ̀, kó sì yọ ọ́ kúrò nínú ti ọjọ́ náà. Ó bu òkèlè kan, ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Bó ṣe tún na ọwọ́, abọ́ náà ké, ìdérí rẹ̀ sì pa dé gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Yéè!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," mo ní. "Ṣé ẹ ti yó?"

"Ẹ̀pà àárọ̀ yẹn ni." Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. "Mo gbàgbé pé mo jẹ ẹ̀pà."

"Aṣírò tó ń gbàgbé ẹ̀pà! Ẹ kú iṣẹ́."

"Aláìlókèlè tó ń sunkún sínú kábéèjì. Ìwọ náà kú iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa fà á láti ìgbà tí ìlú Òkè-Ìtùnú ti ní kí ẹnikẹ́ni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá kọjá ààlà yan ọ̀kan nínú ìlà oúnjẹ méjì, kó má sì yà kúrò níbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ṣe ni ara mi ń yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ìró ń bọ́ nídìí mi láàárín ọ̀nà. Mo ń jẹ ẹran, ẹyin àti ẹ̀fọ́, mo ń fúyẹ́, mo sì ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tó ti ń ka ẹ̀wà sẹ́nu bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n ní omi ló pọ̀ nínú ohun tí mo sọ nù. Mo ní ìlara ló ń pa wọ́n. Àṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó di ọdún kejì, ara mi dúró síbì kan bí ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò wọlé, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi tó ń rìn ní ẹsẹ̀ ìjàpá bá mi níbi tí mo wà, òun náà sì dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n wá pọ̀, ohun tí mo sọ nù àti èyí tó sọ nù, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jura wọn lọ. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Èmi tí mi ò fojú kan òkèlè, òun tí abọ́ ń há níka, ibì kan náà la bára wa!

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò wá fi ìlà náà sílẹ̀. Orúnkún ni. Ilé ìwòsàn ìlú kì í pààrọ̀ orúnkún fún ẹni tó bá ti yà kúrò nínú ìlà rẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n ń béèrè, láìní àbàwọ́n. Bóyá o sanra ni o, bóyá o rù ni o, wọn ò bìkítà mọ́. Ohun tí eyín bá sọ ni wọ́n ń gbọ́. Ọdún márùn-ún tèmi pé ní ọ̀túnla.

Ọ̀la ni ọjọ́ kẹjọ ọmọ-ọmọ mi. Ní ìdílé ọkọ mi, ìyá bàbá ọmọ ló ń fi oyin súre. Yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, yóò fi kan ètè ọmọ, wọ́n á sì yára nù ún kúrò gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ṣe wí. Ohun tí ìyá àgbà ò bá lè fi sẹ́nu, kì í fi súre fún ọmọ. Ṣé ẹ wá rí wàhálà mi báyìí? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

A ò tíì parí ìjà ẹ̀pà nígbà tí Mọnísọ́lá, ìyàwó Ìníolúwa ọmọ mi, gbé ọmọ wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo mọ̀ pé ó ti sunkún.

"Màmá, wọ́n ti ránṣẹ́ láti odi òkun. Wọ́n ní bí oṣù tuntun bá ti yọ, kí èmi àti Ìní padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Kíá báyìí? Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ?"

"Wọ́n ní omi ti ń ga sí i, Mà. Wọn ò lè fi odi náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n sì bi mí bóyá ẹni tó máa pọn ọmọ wà nílé. Mo dárúkọ yín. Wọ́n ní bí ẹ ò bá lè pọ̀n ọ́n, àwọn á gbà á sí ilé apọnmọ."

Ìyá Mọnísọ́lá ti kú kó tó lọ sílé ọkọ. Kò sí ìyá àgbà mìíràn. Èmi náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ilé apọnmọ, ẹ má débẹ̀. Irin ni wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n fi tìmùtìmù wé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ọmọ kan sẹ́yìn, ó ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn, ó ń kọ orin arẹmọlẹ́kún kan náà ní ohùn kan náà fún gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í sunkún. Èyí tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn.

"Irin ò ní pọn ọmọ-ọmọ mi," mo ní. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbé e wá."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Mo ní kí n nàró báyìí, orúnkún yẹ̀. Bí kì í bá ṣe tábìlì tí mo dì mú, tí ọkọ mi sì sáré gba ọmọ, ìròyìn mìíràn là bá máa sọ. Ọmọ náà ń mí fúù fúù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́túnla," mo ní.

"Oyin ọ̀la ńkọ́, Mà?" Mọnísọ́lá bi mí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo ní kó jẹ́ n kọ́kọ́ pe ẹnìkan ná.

Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì pe Lásebìkan. Òun ló ń ṣọ́ Ìlà Aláìlókèlè ládùúgbò wa, ọmọbìnrin tí kò tíì ju Ìníolúwa lọ. Ojú rẹ̀ yọ lára ògiri, ó tóbi, ó sì tẹ́jú.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ kú ìmúra ọ̀la."

"Ọ̀la náà ni mo torí ẹ̀ pè ọ́. Orí ìka báyìí ni, ọmọ mi. Kò tó èyí tí eṣinṣin máa lá."

"Mo gbọ́, Mà. Ṣùgbọ́n eyín ò mọ kékeré, kò mọ ńlá. Pé ó wà, pé kò sí, òun ló mọ̀."

"Àwọn Aṣírò ń lá oyin!"

"Wọ́n ń kà á ni, Mà."

"Èmi náà á kà á. Ṣé màá gbàgbé oyin orí ìka kan ni?"

"Ẹ ò sí lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá, mo lè gbé yín sọdá nísinsìnyí." Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ tẹ nǹkan. "Ẹ̀yìn pátápátá lẹ máa wá tò sí fún orúnkún o."

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan!" Mo mí kanlẹ̀. "Jẹ́ n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ìwọ tí ò ń rí ìwọ̀n gbogbo wa, sọ òótọ́ fún mi bí ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìlà méjèèjì, èwo ló sàn jù?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Bí ọdún bá ṣì wà ní tuntun, tiyín máa ń yá ju tiwọn. Bó bá wá pẹ́, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gbòógì. Ẹni tó bá ti rí èyí tó bá a lára mu, tó lè máa bá a lọ láìjìyà, ni ara rẹ̀ máa ń dúró. Àwọn tó kù máa ń padà ni, Mà. Lọ́tùn-ún, lósì."

"Bí mo bá jẹ òkèlè mi níwọ̀nba, tí mi ò ka gbogbo ẹ̀pà, tí mi ò sì sá fún gbogbo iṣu ńkọ́?"

"Ó lè bá ẹ̀yin lára mu. Kò kàn sí ìlà kan fún un."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọmọ yìí! Ta ló wá pín wa sí méjì?"

"Ẹ̀rọ ni, Mà. Eyín lè tọ́ nǹkan wò, kò lè wọ̀n ọ́n. Abọ́ lè wọ̀n ọ́n, kò mọ̀ ọ́n tọ́ wò. Kò sí èyí tó lè ṣọ́ ohun méjì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí kálukú yan ohun kan tí wọ́n á fi máa ṣọ́ ọ."

Ẹ gbà mí o! Ọdún márùn-ún tí mi ò jẹ dòdò. Ọdún márùn-ún tí mò ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá nítorí òórùn iṣu sísun àwọn aládùúgbò. Mo rò pé ara mi ni wọ́n ń tọ́jú. Àṣé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá ẹ̀rọ dín kù. Mo fẹ́ bú ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, mo sì rí i pé kò yọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ fún ẹlòmíràn ní oyin náà kó bá yín tọ́ ọ wò, Mà," ó ní pẹ̀lẹ́. "Ọ̀túnla ti dé tán."

Nígbà tí mo jáde, Àǹtí Àríkẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ṣe olórí ẹbí, ti gúnlẹ̀ sí pálọ̀, ọkọ mi sì ń fi ìgò kékeré kan hàn án.

"Oyin ilé iṣẹ́ ni," ó ń sọ. "Kò sí ṣúgà kankan nínú ẹ̀. Eyín Ìyá Ìní ò ní mọ̀ rárá. Àwọ̀ kan náà, ó sì ń dùn."

Àǹtí tọ́ ọ wò. Ó pa ojú dé, ó tún ojú là.

"Ó ń dùn. Kòkòrò wo ló ṣe é?"

"Kì í ṣe kòkòrò, Àǹtí. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ." Ó gbé ìgò náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ìdọ̀tí. "Adégbìtẹ́, ọmọ bàbá mi, ṣé orí rẹ pé? Adùn ẹ̀tàn lo fẹ́ kí ọmọ yìí gbà láyé? Ká ní kí ayé rẹ̀ dùn, kó wá jẹ́ pé ní ojú nìkan ló máa dùn?"

"Àǹtí, orúnkún—"

"Mo mọ̀ nípa orúnkún! Mo ní ojú." Ó kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìyàwó mi, mi ò ní kó o tọ́ ọ wò. Bó ò bá lè ṣe é, jókòó sẹ́yìn, èmi á ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Ṣùgbọ́n oyin gidi la máa lò."

Kò sẹ́ni tó máa bú mi. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì dùn mí ju èébú lọ. Ìyá ọkọ tèmi ló fi oyin kan Ìníolúwa létè. Orúnkún tirẹ̀ náà ti wọ́ nígbà yẹn, ìdúró ló sì wà tó fi súre tán. Èmi ni n ó jókòó sẹ́yìn bí àlejò nílé ara mi?

"Màá ṣe é," mo ní.

"Ìyá Ìní!" ọkọ mi kígbe.

"Ẹ má pariwo mọ́ mi. Mo ní màá ṣe é."

Mo sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù tó bà mí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń bá ọkọ mi jà lórí ohun tí kò tó nǹkan: àga tí kò tò dáadáa, omi tí kò pọn. Òun náà ń dá mi lóhùn ṣáká ṣáká. Ìjà oyin là ń jà, a kàn ń pe orúkọ mìíràn mọ́ ọn ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kedere. A ò pọ̀: ẹbí, àwọn ará ilé méjì, àti Ìníolúwa nínú agbádá tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín pálọ̀. Omi wà nínú àwo, iyọ̀ wà, obì àti ataare wà, oyin sì wà nínú àwo kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ọkọ mi ló gbé àwo náà wá fúnra rẹ̀. Mo kíyè sí i pé kò wo ojú mi, mo rò pé ìbínú ni.

Àǹtí Àríkẹ́ fi omi súre, ó fi iyọ̀ súre. Ó kàn mí. Mọnísọ́lá gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ṣí aṣọ.

"Màmá, ìyá rere," eyín ní, "mo ń rí ìka yín tó ń bọ̀. Ẹ rántí ọ̀la o. Ẹ rántí iṣẹ́ ńlá tí ẹ ti ṣe."

Mo rántí. Mo wo ọmọ náà tó la ojú kan tó di ìkejì. Mo ti ìka bọ inú oyin, mo sì gbé e sẹ́nu.

Ó dùn. Mo dúró de eyín kó ké. Mo ti fún ara mi pọ̀ bí ẹni tó ń retí abẹ́rẹ́.

"Ẹ kú oríire, Màmá," eyín ní. "Ẹnu yín mọ́ tónítóní."

Mi ò kọ́kọ́ lóye. Ìgbà tí mo wo ọkọ mi ni mo lóye. Àjà ilé ló ń wò, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Ó ti pààrọ̀ oyin.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lára mi, nítorí mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni: ọpẹ́ o! Orúnkún ti dé. Ilé apọnmọ ti lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé yìí àfi èmi, ọkọ mi, àti eyín kan tí kò mọ̀ pé ohun kan wà láti mọ̀. Mo kàn nílò láti la ẹnu, kí n súre, kó tán. Mo sì la ẹnu.

"Oyin rèé, ọmọ mi. Ẹnìkan kì í fi oyin sẹ́nu kó fajú ro. Bí oyin ṣe ń dùn láìlábùlà, kí ayé rẹ dùn láì..."

Ọ̀rọ̀ náà kọ̀ láti jáde. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. "Kí ayé rẹ dùn láì..." Gbogbo wọn ń dúró kí wọ́n ṣe àmín. Ọmọ náà ń gbé ètè kékeré yẹn lọ, ó ń gbé e bọ̀, ó ń wá ohun tó máa mu.

"Bàbá Ìní," mo ní, "ẹ lọ gbé ìgò oyin wá."

"Oyin wà níwájú rẹ."

"Ẹ lọ gbé oyin wá."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí mi létí. "Fọlásayọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Mo rí bí orúnkún yẹn ṣe yẹ̀ lánàá. Mo fẹ́ kó o pọn ọmọ yìí ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

Kò tíì pe orúkọ mi gan-an láti ìgbà tá a ti bí Ìníolúwa. Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ gbá a létí.

"Mo mọ̀," mo ní. "Ẹ ṣé. Ẹ lọ gbé e wá."

Àǹtí Àríkẹ́ ti wo àwo, ó ti wo àbúrò rẹ̀, ó ti mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ sí ilé ìdáná, ó gbé ìgò orí pẹpẹ wá, ó dà á sínú àwo mìíràn. Ó nípọn, ó sì dúdú ju èyí àkọ́kọ́ lọ.

Mo tọ́ ọ wò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún márùn-ún! Ahọ́n mi gbọ̀n. Ó dùn, ó korò díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, òórùn igbó àti ti èéfín wà nínú rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

"Háà, Màmá," eyín ní, pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. "Ó mà ṣe o. Oyin ni. Ọjọ́ yín ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Mo fi ìka kan ètè ọmọ. Mọnísọ́lá nù ún. "Bí oyin ṣe ń dùn láìlábùlà," mo ní, ó sì jáde geere, "kí ayé rẹ dùn láìlábùlà. Mo sọ ọ́ ní Oyinadé."

"Àmín!" Ilé hó.

Mọnísọ́lá nìkan ni kò ṣe àmín. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbọ́wọ́ lérí. "Màmá, ta ló máa wá pọ̀n ọ́n? Irin ni, àbí? Irin náà ni."

Ìgbà yẹn ni gbogbo ìbínú ọdún márùn-ún ru sókè. Kì í ṣe sí i, ọmọ ọlọ́mọ. Mo wo yàrá ká, mo ń wá ẹni tí màá dà á lé lórí, ojú mi sì bọ́ sára ọkọ mi. Ó dúró sẹ́bàá ògiri bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jí ẹ̀pà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá, kò tíì dùn ún rí.

"Ẹ̀yin," mo ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Kí n bẹ̀rẹ̀ ṣe kí ni?"

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n pọn ọmọ yìí, àbí ẹ ò fẹ́? Ẹ fi oyin irọ́ sáwo nítorí ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀!"

"Ìyá Ìní, ọkùnrin ni mí."

"Ṣé irin ni obìnrin ni?"

Àǹtí Àríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìdí jókòó. "Adégbìtẹ́, bẹ̀rẹ̀ jàre! Bàbá wa ò rí èyí kó tó kú."

Ó bẹ̀rẹ̀. Mo mú ọ̀já mi jáde, èyí tí mo fi pọn Ìníolúwa, aṣọ òfì tó ti ṣá. Mọnísọ́lá gbé Oyinadé lé e lẹ́yìn, mo sì fa ọ̀já náà yí ikùn rẹ̀ ká. Ẹ wo ikùn! Mo fa ọ̀tún, kò dé. Mo fa òsì, kò dé.

"Ẹ fà á sínú."

"Mo ti fà á sínú."

"Gbogbo kálórì tí ẹ ti ń kà látẹ̀yìn wá, ibo ló lọ?"

"Gbogbo òkèlè tí o ò jẹ, ibo ló lọ?"

Mo fi ẹsẹ̀ mi tó dára ti ògiri, mo fà á, òun náà mí sínú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Etí ọ̀já méjèèjì fẹnu kora. Ó ku bíńtín tó tó kókó kan, mo sì ta á. Ó nàró, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó dákẹ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Mo mú ọ̀pá mi, mo ń tiro tẹ̀ lé e, mo ń kọ orin tí irin ilé apọnmọ ò mọ̀.

"Màmá Fọlásayọ̀," eyín ní, "ẹ̀yìn pátápátá lẹ wà báyìí, ṣùgbọ́n ààyè wà. Ṣé kí n tún fi yín sí Aláìlókèlè, àbí Aṣírò lẹ fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń dúró de èsì yín."

Mo ní kó dákẹ́ ná, ọmọ ń sùn.